Àwọ̀n Yíya Tí Ìyá Fi Ránṣẹ́ sí Gánà

Ìkòròdú,
18 oṣù kọkànlá, 1956.

Bọ̀ọ̀dá mi Bísíríyù,

Ẹ kú òkèèrè o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà oúnjẹ àwọn ará Góòlù Kóòsì. Àlàáfíà ni Ìyá wa wà ní Ẹ̀pẹ́, àlàáfíà ni èmi náà wà níbí lọ́dọ̀ Àǹtí Sìlífátù, àyàfi tí ẹ bá ní kí n sọ òótọ́. Tí ẹ bá ní kí n sọ òótọ́, inú mi ò dùn. Láti ìjẹta ni mi ò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa, kò sì sẹ́ni tó tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń bínú. Ìyẹn ló wá ń bí mi nínú jù.

Ohun tó fà á ni pé Àǹtí fi rúlà gbá mi lọ́wọ́ nítorí pé ọwọ́ òsì ni mo fi di sísọ́ọ̀sì mú. Wọ́n ní, "Mùlíkátù, ṣé o fẹ́ dà bí ẹ̀gbọ́n ẹ ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì?" Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ọlọ́wọ́ òsì, tí ìyá yín nà títí kó tó mọ̀ pé ọ̀tún làwọn èèyàn fi ń jẹun." Gbogbo àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo kórìíra gbogbo wọn. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá kó ẹja yíyan wá sí ọjà Ìkòròdú lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ka lẹ́tà yín fún wọn. Ibi tí ẹ ti ní áásìdì ta sí aṣọ iṣẹ́ yín, tó jẹ ẹ́ bí ìgbà tí ikán jẹ ẹní, kò yẹ kí n kà á síta, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti débẹ̀ kí ọgbọ́n mi tó débẹ̀. Ìyá ní, "Kí ní ń jẹ́ áásìdì?" Mo ní omi kan ni. Wọ́n ní, "Omi wo ló ń jẹ aṣọ? Tó bá jẹ aṣọ tán, kí ló kù tó máa jẹ?" Mo wá yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ní kẹ́mísírì ni ẹ ń ṣe, pé ẹ ń wá ohun tó ń mú kí epo pupa kan tó bá ti pẹ́ nínú àgbá. Wọ́n ní kí àwọn tó ni epo yáa tètè tà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò yín ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù yìí.

Èmi àbúrò yín tí ẹnikẹ́ni ò kà sí,
Mùlíkátù.


Góòlù Kóòsì,
3 oṣù kìíní, 1957.

Àbúrò mi Mùlíkátù,

Mo kí ọ, mo kí Ìyá wa. Ẹ kú ọdún tuntun.

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn aláṣẹ yunifásítì wa ti gbé mi ga. Wọ́n fi mí ṣe olórí gbogbo ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ipò tó jẹ́ pé òyìnbó ló ti ń wà níbẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, mi ò ní máa ṣiṣẹ́ ní láàbù mọ́, mi ò ní máa fọwọ́ kan ìgò tàbí iná mọ́. Ìjókòó ni iṣẹ́ mi. Èmi ni màá máa pín iṣẹ́ fún àwọn olùkọ́, tí màá máa pín yàrá àti irinṣẹ́, tí màá sì máa sọ iye ọmọ tí a lè gbà wọlé.

Kí Ìyá bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Má bínú pé lẹ́tà yìí kúrú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
BÍSÍRÍYÙ.


Ẹ̀pẹ́,
20 oṣù kìíní, 1957.

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ìrìnàjò ayé. Mi ò mọ bí màá ṣe kí yín tó bó ṣe yẹ, nítorí ọkàn mi ò sí níbi ìkíni.

Lẹ́tà yín dé. Inú mi dùn dé ibi pé mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Àǹtí, mo wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Ẹ̀pẹ́ láti wá kà á fún Ìyá fúnra mi. Nínú ọkọ̀, mo fi yín ṣakọ fún obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ti di ọ̀gá àwọn òyìnbó. Ó ní kí n sún, mo jókòó lé òun láṣọ.

Ìdí ààrò ni mo bá Ìyá, wọ́n ń yí ẹja. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní ìjókòó ni iṣẹ́ yín, pé ẹ ó máa pín nǹkan, ọwọ́ wọn dúró. Bọ̀ọ̀dá, òbòkún ńlá kan jóná lójú Ìyá, Ìyá tí kì í jẹ́ kí ìrù ẹpìyà lásán jóná.

Wọ́n ní, "Tún un kà." Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Ó ní wọ́n gbé òun ga?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Bàbá yín náà sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ ò sí nílé nígbà yẹn, ìlú òyìnbó lẹ ti ń kàwé, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n sọ fún yín. Nígbà tí ojú Bàbá ṣú, tí wọn ò rí ihò ara àwọ̀n mọ́, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn apẹja ẹgbẹ́ wọn ló fura. Wọn ò fẹ́ dójú tì wọ́n, wọ́n bá gbé àpótí kan sí èbúté, wọ́n ní, "Tìrìmísíyù, ìwọ ni àgbà wa, jókòó síbí kí o máa pín ẹja fún wa." Bàbá wálé, wọ́n sọ fún Ìyá pé wọ́n gbé àwọn ga. Ìyá pa adìyẹ. Ó pẹ́ kí Ìyá tó mọ̀ pé ọwọ́ ni Bàbá fi ń mọ ẹja yàtọ̀ síra. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbí nìyẹn: apẹja tí ọwọ́ rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ bá ti lọ ni wọ́n ń fi jókòó kó máa pín.

Ìyá wá gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú ọwọ́ yín. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe ń rí. Ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Orúkọ gan-an, kò lè kọ ọ́." Mo wò ó. Lóòótọ́, orúkọ yín náà, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

Bọ̀ọ̀dá, ṣé omi yẹn ta sí yín lójú ni? Ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Ìyá ò jẹun alẹ́.

Mùlíkátù.


Ìkòròdú,
3 oṣù kẹta, 1957.

Bọ̀ọ̀dá Bísíríyù,

Mo kí yín, bí ẹ ò tilẹ̀ dáhùn.

Mo ti kọ ọ̀kan tí mo fà ya, nítorí mo bú yín nínú rẹ̀. Mo ní ẹ kàwé títí ẹ gbàgbé pé àwa tí a kàwé díẹ̀ náà lójú tí a fi ń ṣọ́nà. Mo ní sítáńdáàdì fọ́ọ̀ tí mo dúró sí, èmi náà ì bá tẹ̀síwájú. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún sórí rẹ̀, yíǹkì bá ṣàn.

Ìyá wá sí ọjà lánàá. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń nájà; ẹni tó bá bá Ìyá nájà ẹja, kó gbé àpótí wá jókòó. Lánàá, iye tí oníbàárà bá ti pè ni wọ́n ń gbà. Obìnrin ará Ìgbògbò kan ní, "Ìyá Ẹ̀pẹ́, ṣé ara yín yá?" Wọ́n ní, "Ṣá máa kó o lọ." Nígbà tí ọjà tú, wọ́n lọ sí èbúté, wọ́n ń bi àwọn ọlọ́kọ̀ bí èèyàn ṣe ń dé Góòlù Kóòsì. Ọ̀kan ní, "Ìyá, ẹja lẹ fẹ́ gbé lọ tà níbẹ̀?" Wọ́n ní, "Ọmọ ni mo fẹ́ lọ gbé bọ̀." Ọkùnrin yẹn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Mo máa ń dijú, mo máa ń gbìyànjú láti rán aṣọ bẹ́ẹ̀, kí n lè mọ bó ṣe ń ṣe yín. Abẹ́rẹ́ ti gún mi lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí Sìlífátù rò pé oorun ló ń kùn mí.

Tí ojú yín bá ti lọ, ẹ sọ. Ẹ má ṣe bíi Bàbá. Èmi á wá máa kàwé fún yín. Mo lè ka Gẹ̀ẹ́sì tí kò bá gùn jù.

Mùlíkátù.


Gánà,
12 oṣù kẹta, 1957.

Arábìnrin Mùlíkátù,

Ẹ kú ọjọ́ o. Adélàjà lorúkọ mi, èmi ni akọ̀wé ẹ̀gbọ́n yín ní ọ́fíìsì. Ọmọ Ìgbògbò ni mí, nítòsí yín níbẹ̀ yẹn. Ọ̀gá ti lọ sí ìlú òyìnbó láti ìparí oṣù kìíní, oṣù kẹrin ni wọ́n máa dé. Lẹ́tà yín ti di méjì lórí tábìlì wọn. Kò yẹ kí n tú u, n kò sì tú u, ṣùgbọ́n mo ní kí n má jẹ́ kí ẹ máa retí lásán. Àlàáfíà ni wọ́n wà.

Ẹ wo sítáǹbù tuntun tó wà lára àpò ìwé yìí. A ti gba òmìnira níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, Gánà lorúkọ ìlú wa báyìí. Ijó ò jẹ́ ká ṣiṣẹ́.

ADÉLÀJÀ.


Ẹ̀pẹ́,
24 oṣù kẹta, 1957.

Bọ̀ọ̀dá mi,

Tí lẹ́tà yìí bá bá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó.

Mo rò pé lẹ́tà akọ̀wé yín máa tu Ìyá lára. Mo ní, "Ìyá, wọ́n lọ sí ìlú òyìnbó ni." Ìyá ní, "Kí ló gbé e lọ? Ṣebí ó ti kàwé tán níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ojú." Ó sì jọ bẹ́ẹ̀ lójú tèmi náà. Kí ló gbé yín lọ?

Mo ní ká ní kí ẹ ya fọ́tò ránṣẹ́. Ìyá nawọ́ sí ara ògiri. Wọ́n ní, "Fọ́tò bàbá yín nìyẹn, ó ń wò wá. Ṣé ó ríran lọ́jọ́ tí wọ́n yà á?"

Wọ́n bá gun àjà lọ. Wọ́n sọ àwọ̀n Bàbá kalẹ̀, èyí tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pẹja láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú. Wọ́n gé apá kan rẹ̀, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n dá ihò tó tó orí ọmọdé sí i láàárín. Mo pariwo. Wọ́n ní kí n dákẹ́. Wọ́n ká a, wọ́n fi òwú àti igi tí Bàbá fi ń hun àwọ̀n sí i. Òun nìyí nínú pásẹ̀lì yìí.

Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé: "Bísíríyù, so àwọ̀n yìí padà bí bàbá ẹ ṣe kọ́ ẹ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi." Mo ní kí n fi kún un pé kí ẹ so ó fúnra yín, kí ẹ má gbé e fún ẹlòmíì. Ìyá ní, "Má kọ ìyẹn." Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ ló bí i?"

Nítorí náà mi ò kọ ọ́. Ẹ rí i pé mi ò kọ ọ́. Mo kàn sọ pé wọ́n ní kí n má kọ ọ́ ni, ẹ má sì jẹ́ kí Ìyá mọ̀.

Ọ̀la ni mo máa padà sí Ìkòròdú. Ìyá ní tí ààwẹ̀ bá parí tí àwọ̀n ò bá tíì dé, àwọn ń bọ̀ wá bá yín. Wọ́n ti yan ẹja tí wọ́n máa jẹ lójú ọ̀nà sọ́tọ̀. Kì í ṣe àwàdà.

Mùlíkátù.


Gánà,
17 oṣù kẹrin, 1957.

Mùlí àbúrò mi,

Wo ìwé yìí dáadáa kí o tó kà á. Ọwọ́ mi nìyí, pẹ̀lú gbogbo wíwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi wà. Ojú mi wà, méjèèjì, àfi pé mo ti ń lo awò ojú láti kàwé. Dókítà ló ní kí n lò ó, ìwé tí mo kà jù ló fà á, kì í ṣe áásìdì. Áásìdì ta sí mi rí, lóòótọ́: àpá kan wà níbi ọrùn ọwọ́ mi, kò ju ẹ̀pà lọ. Ó ti jinná kí n tó kọ̀wé sí yín nípa aṣọ. Mo fi aṣọ dá yín lẹ́rìn-ín kí n má báa sọ ti ara. Ẹ dárí jì mí.

Ọjọ́ Ajé ni mo dé. Mo lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣètò yunifásítì wọn lọ́hùn-ún, mo sì lọ wá olùkọ́ méjì. Ẹ̀rọ tí mo fi kọ̀wé sí yín ńkọ́? Ìgbéraga ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní akọ̀wé ni, mo ní kí ẹ rí i pé ọmọ yín ti di ẹni tí wọ́n ń bá tẹ̀wé. Mo rò pé Ìyá máa fi han àwọn ará ọjà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá, Mùlí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ojú wọn lọ. Lẹ́tà tí Bàbá ní kí àáfà kọ sí mi nígbà yẹn, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n gbé àwọn ga, pé àwọn ló ń pín ẹja fún gbogbo èbúté. Mo fi yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí wọ́n fún mi ní ipò yìí, ọ̀rọ̀ Bàbá yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn, òun ni mo fi kọ̀wé sí yín. Mo rò pé Ìyá máa dá a mọ̀, kí inú wọn dùn. Wọ́n dá a mọ̀ lóòótọ́.

Mo ka lẹ́tà yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra lórí ìdúró. Ibi tí o ti ń dijú ránṣọ, mi ò lè kà á tán. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo tú àwọ̀n. Òórùn odò wa ṣì wà lára rẹ̀. Adélàjà ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ fún àwọn apẹja tó wà létíkun. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á ti so ó, á dán bíi tuntun." Ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Mo nawọ́ àwọ̀n sí i. Mo tún fà á padà. Mo ní Ìyá ò ránṣẹ́ sí àwọn apẹja etíkun.

Mo so etí kan mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀. Mùlí, mo ti gbàgbé! Mo so, mo tú, mo so. Òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ṣí ilẹ̀kùn láìkàn án, ó wọ́ èmi àti àwọ̀n lọ. Ìjà ló bá wá, pé yàrá tí mo pín fún òun kéré. Mo ní, "Ẹ bá mi di ibí yìí mú." Ó dì í mú. Ó dì í mú títí mo fi parí, ó sì ń bi mí nípa Ẹ̀pẹ́, ìgbà tó jáde ló tó rántí pé ìjà lòun bá wá. Kò padà wá mọ́.

Sọ fún Ìyá pé láàbù ń wù mí. Mi ò ní purọ́. Nígbà mìíràn tí gbogbo èèyàn bá ti lọ, mo máa ń lọ dúró níbẹ̀ kí n gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ epo tó ń kan yẹn, ẹlòmíì ni mo gbé e fún. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan ò bá jókòó pín in, àwọn kan á kó gbogbo ìgò, àwọn kan ò ní rí ẹyọ kan. Lọ́dún yìí, mo ti gba ọmọ apẹja méjì wọlé.

Àwọ̀n wà nínú pásẹ̀lì yìí. Kò dára. Ẹ má jẹ́ kí apẹja rí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bísíríyù (ọwọ́ mi ni o).


Ẹ̀pẹ́,
10 oṣù karùn-ún, 1957.

Bọ̀ọ̀dá mi, ọ̀gá àwọn òyìnbó,

Ẹ kú ọdún o! Ẹ kú ìtúnu ààwẹ̀! Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Pásẹ̀lì yín dé Ìkòròdú nígbà tí ààwẹ̀ kù díẹ̀ kó parí. Mi ò tú u. Mo fẹ́ tú u, mo gbọ́ òórùn rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n mi ò tú u. Mo gbé e wọ ọkọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́. Mo bá Ìyá nínú ilé, ẹrù wọn ti wà ní dídì. Mo fẹ́ kọ́kọ́ ka lẹ́tà. Wọ́n ní, "Gbé ìwé sọ́hùn-ún. Àwọ̀n dà?"

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan. Wọn ò wò ó. Wọ́n dijú, wọ́n ń fi ìka tọ ìso kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Èmi ni mo wò ó. Bọ̀ọ̀dá, mo ní ká má parọ́ fúnra wa, kò dára. Ihò ara rẹ̀, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan há. Mo ní ẹni tó so èyí ò ríran.

Ìyá bú sẹ́kún. Èmi náà bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ẹ̀rín wà nínú ẹkún tiwọn. Wọ́n ní, "Wò ó! Wo ibi tí ìso kọjú sí!"

Mo wò ó. Gbogbo ìso Bàbá kọjú sí ọ̀tún. Gbogbo tiyín pátá kọjú sí òsì.

Ìyá ní nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ẹ gbà láti fọwọ́ ọ̀tún jẹun, ẹ gbà láti fi kọ̀wé, ṣùgbọ́n tó bá ti di àwọ̀n, òsì ni. Bàbá á nà yín, ẹ ó sunkún, ẹ ó tún fòsì so ó. Ní alẹ́, Bàbá á jókòó máa tú u. Wọ́n ní kò sí apẹja kan láti Ẹ̀pẹ́ dé etíkun àwọn ará Gánà tó lè so irú ìranù yìí, àfi ọmọ àwọn. Wọ́n ní ká ní ojú yín ti lọ ni, ẹlòmíì lẹ máa gbé e fún. Wọ́n ní, "Ká ní ó dán ni, mo ti wọkọ̀."

Ohun tí wọn ò fẹ́ kí n kọ síbẹ̀ nìyẹn. Mo sì ti kọ ìdajì rẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ ò dà mí.

Ìgbà tí mo wá ka lẹ́tà, wọ́n ní kí n tún ibi ọ̀rọ̀ láàbù kà. Wọ́n ní, "Bí odò ṣe máa ń wu bàbá yín nìyẹn." Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ẹ pín in dáadáa. Wọ́n ní Bàbá kì í mú ẹja tiwọn títí gbogbo èèyàn á fi lọ, ìgbà mìíràn kì í kù. Wọ́n ní àwọn ń bínú sí i nígbà yẹn. Àwọn ò bínú mọ́.

Ìyá tú ẹrù. Ẹja tí wọ́n yan sọ́tọ̀ fún ọ̀nà, a jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n mú àwọ̀n náà lọ sí ọjà Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ yìí, wọ́n ń nà án han gbogbo ayé: "Ẹ wo iṣẹ́ burúkú! Ọ̀gá àwọn òyìnbó ló ṣe é!" Wọ́n sì ti padà sídìí nájà. Obìnrin kan sọ pé ẹja wọn wọ́n, wọ́n ní kó lọ sínú odò lọ mú tiẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ti ránṣẹ́ ṣáájú mi sí Àǹtí Sìlífátù, mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo mú aṣọ, mo gbàgbé, mo fi òsì mú sísọ́ọ̀sì. Mo rántí. Mo wojú Àǹtí. Rúlà wà lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Kí lò ń wò? Gé e."

Mo gé e. Ó gún. Àná ni mo padà wá sílé fún Jímọ̀, mo sì mú un dání, Ìyá ní kí n fi ránṣẹ́ sí yín: ẹ rí i nínú àpò ìwé yìí, aṣọ pélébé láti máa fi nu awò yín.

Àbúrò yín,
Mùlíkátù.